UTEP àti eré ìdárayá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtàn àti àṣà àwọn Awakùsà El Paso

Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé eré Tóbi Àmúsàn á ti gbọ́ orúkọ UTEP, ìyẹn yunifásítì Texas tó wà ní El Paso, lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè irú ilé ìwé tó jẹ́, àti ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi máa ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ eré sísá. Ojú tí èmi fi ń wo ọ̀rọ̀ náà rèé: àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, àwọn tí ilé ìwé ńláńlá kò kà sí, ni wọ́n sọ yunifásítì yìí di ẹni tí à ń wárí fún. Ó yẹ kí a mọ orúkọ wọn.

Níbo ni UTEP wà gan-an, báwo ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìlú El Paso ló wà, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Mẹ́síkò pààlà. Odò Rio Grande nìkan ló wà láàárín El Paso àti Ciudad Juárez. Ọdún 1914 ni wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwakùsà, akẹ́kọ̀ọ́ 27 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Iná jó ilé ńlá wọn lọ́dún 1916, wọ́n sì kó lọ sí ibi tí wọ́n wà dòní lọ́dún 1917.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán ọgbà náà á rò pé ilẹ̀ Éṣíà ni. Kathleen Worrell, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé nígbà náà, ló rí àwòrán àwọn ilé orílẹ̀-èdè Bhutan nínú ìwé ìròyìn National Geographic, tó sì dá a lábàá pé irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ògiri rẹ̀ nípọn nísàlẹ̀ tó sì ń tẹ̀ sínú bó ṣe ń lọ sókè, máa bá òkè àti òkúta El Paso mu. Wọ́n gbà, títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń kọ́lé níbẹ̀.

Orúkọ ilé ìwé náà yí padà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ó di Texas Western College lọ́dún 1949, ó sì di University of Texas at El Paso, ìyẹn UTEP, lọ́dún 1967. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí Texas Western ló wà láyà aṣọ àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lọ́dún 1966.

Kí ló dé tí wọ́n ń pe ara wọn ní Awakùsà? Dígà tí wọ́n máa ń fọwọ́ ṣe yẹn ńkọ́?

Iṣẹ́ tí wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀ fún ló fà á. Miners ni orúkọ ẹgbẹ́ eléré wọn, ìyẹn awakùsà, dígà ni àmì wọn, àwọ̀ ọsàn àti búlúù sì ni àwọ̀ wọn. Bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ máa rí i tí gbogbo èrò á nawọ́ sókè, tí wọ́n á fi ìka ṣe bí orí dígà. Bàbá onírùngbọ̀n kan wà tó máa ń jó káàkiri pápá, Paydirt Pete ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1974. Kí ó tó dé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n ń lò, torí ẹran tí àwọn awakùsà àtijọ́ fi ń ru ẹrù wọn lórí òkè nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1966 tí wọn ò fi yé sọ ọ́?

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún náà, ní Cole Field House, ìlú College Park ní Maryland, Texas Western bá Kentucky pàdé nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Kentucky ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹrin rí lábẹ́ kóòṣì Adolph Rupp. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ilé ìwé tó tilẹ̀ ní aláwọ̀ dúdú pàápàá máa ń wo iye tí wọ́n lè kó sórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà.

Don Haskins, kóòṣì Texas Western, kó márùn-ún sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: Bobby Joe Hill, David Lattin, Orsten Artis, Willie Worsley àti Harry Flournoy. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú àṣekágbá NCAA. Flournoy fara pa ní orúnkún kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀. Nevil Shed àti Willie Cager wọlé. Àwọn méje yìí nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù náà fún Texas Western, dúdú sì ni àwọn méjèèje.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀. Haskins mọ̀ pé àwọn Kentucky ò ga, àmọ́ wọ́n yára. Ló bá fi Worsley, tó kúrú jù nínú gbogbo wọn, bẹ̀rẹ̀ eré, kí ẹsẹ̀ lè yá lẹ́yìn. Bí eré ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni Lattin fò sókè níwájú Pat Riley ti Kentucky, tó sì fi agbára rì bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Hill ṣe iṣẹ́ tó yí alẹ́ ọjọ́ náà padà: ó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Tommy Kron, ó sáré lọ jù ú wọlé, Kentucky tún ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ó tún já a gbà lọ́wọ́ Louie Dampier, ó tún jù ú wọlé. Láti ìgbà náà, Kentucky ò rí iwájú eré mọ́. 72 sí 65 ló parí sí, Hill nìkan sì jẹ ayò 20.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀, ó dùn ún wò. Bọ́ọ̀lù tí Kentucky jù wọlé nígbà tí eré ń lọ jẹ́ 27, ti Texas Western jẹ́ 22. Jíjù ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, ló gbà wọ́n: nínú 34 tí wọ́n rí, 28 ló wọlé, Kentucky sì jù 11 wọlé nínú 13. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í fara balẹ̀ bí nǹkan bá le, ìdúróṣinṣin níbi ìlà ni wọ́n fi borí.

Ọ̀nà ibẹ̀ pàápàá kò dẹrùn. Wọ́n fi àfikún àsìkò lé Cincinnati. Àfikún àsìkò méjì ni wọ́n gbá kí wọ́n tó fi 81 sí 80 lé Kansas, níbi tí Jo Jo White ti Kansas ti ju bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí àsìkò ń tán lọ, tí rẹfirí sì ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ìlà. Wọ́n lé Utah kí wọ́n tó kan Kentucky. Ìdíje 29 ni wọ́n gbá lọ́dún náà, wọ́n borí 28. Seattle nìkan ló lù wọ́n.

Lọ́dún kan náà, Vanderbilt gba Perry Wallace, aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nínú líìgì tí Kentucky wà. Kentucky fúnra rẹ̀ ò gba aláwọ̀ dúdú kankan títí di 1969. Lọ́dún 2007, wọ́n fi gbogbo ẹgbẹ́ 1966 sínú gbọ̀ngàn Naismith, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni eré náà.

Ṣé bí Glory Road, fíìmù tó jáde lọ́dún 2006 lórí ife yẹn, ṣe sọ ọ́ náà ló ṣẹlẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Fíìmù náà mú un dà bíi pé ẹnu ọ̀nà ni Haskins dé tó gba ife. Ọdún 1961 ló dé El Paso, sáà rẹ̀ karùn-ún ló sì gbà á. Bákan náà, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ mú aláwọ̀ dúdú wọ ẹgbẹ́ náà. Ilé ìwé yìí ti ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1955, Charles Brown sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti 1956. Nolan Richardson, ọmọ El Paso tó padà di kóòṣì tó gba ife fún Arkansas lọ́dún 1994, wà nínú ẹgbẹ́ tí Haskins bá nílẹ̀. Haskins sì sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun ò fẹ́ fi kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù lòun kó sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló tilẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ náà lágbára.

Ta ni Haskins ná?

Ọmọ Enid ní Oklahoma ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ kóòṣì Henry Iba, ó sì ṣe kóòṣì fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama, lọ́kùnrin lóbìnrin, láwọn ìlú kéékèèké ní Texas kí ó tó dé El Paso. Nígbà tí wọ́n gbà á, òun, ìyàwó àti ọmọ ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin, torí ṣíṣọ́ ilé náà wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 38 ló lò, ó borí nígbà 719, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1999. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, tó gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 12 èèyàn, ń jẹ́ Don Haskins Center báyìí. Ó kú lọ́dún 2008.

Ṣé gbogbo nǹkan wá dára fún àwọn eléré aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ lẹ́yìn 1966?

Rárá o. Ibí yìí ni àwọn tó ń yin ilé ìwé náà máa ń fò dá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, kò pẹ́ tí wọ́n pa Martin Luther King, wọ́n ní kí àwọn eléré ìje UTEP lọ bá ti Brigham Young University díje. Ìjọ Mormon ló ni yunifásítì yẹn, ìjọ náà kì í sì í fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà nígbà náà. Ọdún 1978 ni wọ́n tó yí òfin ọ̀hún padà. Àwọn eléré ìje aláwọ̀ dúdú kan ní àwọn ò lọ. Ilé ìwé gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó fún wọn padà lọ́wọ́ wọn.

Bob Beamon, eléré fífò jìnnà, wà lára wọn. Ó di ẹni tí kò ní kóòṣì mọ́. Ralph Boston, tí wọ́n jọ ń bá ara wọn díje, ló ń gbà á níyànjú. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní Òlíńpíìkì Mexico City, Beamon fò mítà 8.90. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá wọn fífò náà kò gùn tó ibi tó balẹ̀ sí, teepu ni wọ́n padà fi wọ̀n ọ́n. Rékọ́ọ̀dù àtijọ́ jẹ́ mítà 8.35. Ó tó ọdún 23 kí Mike Powell tó fò kọjá rẹ̀ lọ́dún 1991.

Lọ́dún 1968 yẹn náà, Sports Illustrated tẹ ìròyìn lẹ́sẹẹsẹ lórí ìyà tó ń jẹ eléré aláwọ̀ dúdú ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, orúkọ UTEP sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ilé ìwé kan náà, láàárín ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn 1966, kó má fi ti 1968 sílẹ̀. Gbèsè ni.

Ife ẹ̀yẹ mélòó ni wọ́n ti gbà?

NCAA 21. Ọ̀kan ni ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìyókù eré sísá ni: cross-country (eré ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń sá lórí koríko àti òkè) 7, eré ìje abẹ́ òrùlé 7, eré ìje ìta gbangba 6. Yàtọ̀ sí ti cross-country 1969, àárín 1974 sí 1982 ni gbogbo wọn bọ́ sí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ lábẹ́ kóòṣì Ted Banks. Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni Banks ti rí ọ̀pọ̀ asáré rẹ̀. Suleiman Nyambui, ọmọ Tanzania, gba 10,000 mítà NCAA lọ́dún mẹ́rin léra, 1979 sí 1982, ó sì gba fàdákà 5,000 mítà ní Òlíńpíìkì Moscow. Lọ́dún 1981, àmì 17 ni UTEP ní nínú cross-country. Níbi eré yẹn, ipò àwọn márùn-ún tó ṣáájú nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló borí, kò sì sí bí ẹgbẹ́ kan ṣe lè ní kéré sí 15.

Àwọn kan pariwo nígbà náà pé àjèjì ń gba ipò ọmọ onílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èmi ò rí ẹ̀bi kankan nínú ọmọ tó kúrò lábúlé rẹ̀, tó kàwé, tó sáré, tó sì borí. Ọ̀nà náà ṣì ṣí sílẹ̀: Paul Ereng, ọmọ Kenya tó gba wúrà 800 mítà ní Òlíńpíìkì 1988, wá di kóòṣì cross-country níbẹ̀, Emmanuel Korir tó gba wúrà 800 mítà ní Tokyo sì jẹ́ ọmọ UTEP.

Àwọn ọmọ Yorùbá wo ló ti sáré níbẹ̀?

Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ ni Ọlápàdé Adeniken, ọmọ Òṣogbo. Lọ́dún 1992, ó gba 100 mítà àti 200 mítà NCAA pa pọ̀ fún UTEP. Lọ́dún náà gan-an, òun, Olúyẹmí Káyọ̀dé, Chidi Imoh àti Davidson Ezinwa gba fàdákà 4x100 mítà fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Barcelona. Ìṣẹ́jú-àáyá 9.95, eré tó yá jù tó sá láyé rẹ̀, El Paso ló ti sá a lọ́dún 1994. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni Olúwatóbilọ́ba Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, akẹ́kọ̀ọ́ Our Lady of Apostles tẹ́lẹ̀. Ní UTEP, Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà, ló kọ́ ọ ní eré ìje 100 mítà tí wọ́n ń fo igi. Golding-Clarke fúnra rẹ̀ ti gba wúrà eré yìí ní ìdíje Commonwealth lọ́dún 2002. Ọmọ tó kọ́ wá gbà á ní 2018, ó tún gbà á ní 2022. Lọ́dún 2017, Tóbi gba ife NCAA ní Hayward Field, ìlú Eugene, pẹ̀lú 12.57. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ìlú Eugene yẹn kan náà, ó sá 12.12 nínú àṣekágbá-ku-ọ̀kan ìdíje àgbáyé, ó sì fọ́ rékọ́ọ̀dù 12.20 ti Kendra Harrison. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló sá 12.06 nínú àṣekágbá. Atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn kọjá ohun tí òfin gbà, ìyẹn ni wọn ò fi ka 12.06 sí rékọ́ọ̀dù, àmọ́ wúrà di tirẹ̀. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gba wúrà ìdíje àgbáyé eré sísá rí ṣáájú rẹ̀.

Blessing Okagbare, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, náà ti ibẹ̀ wá. Ó gba 100 mítà àti fífò jìnnà NCAA lọ́dún 2010. A ò gbọdọ̀ fi apá kejì pa mọ́: lọ́dún 2022, wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́wàá nítorí oògùn agbára, wọ́n sì tún fi ọdún kan kún un.

Kí ló dé tí eré fi máa ń yá ní El Paso?

Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,140. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá asáré ọ̀nà kúkúrú dúró. Atẹ́gùn aṣálẹ̀ sì tún wà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, Obadele Thompson, ọmọ Barbados tó ń kàwé ní UTEP, sá 100 mítà ní 9.69 níbẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn náà lágbára ju ohun tí wọ́n lè kà sí rékọ́ọ̀dù lọ. Kò sẹ́ni tó lè ní atẹ́gùn nìkan ló gbé e, torí ó gba bàbà 100 mítà ní Òlíńpíìkì Sydney.

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ńkọ́?

Pápá Sun Bowl tí wọ́n ṣí lọ́dún 1963 rẹwà, àárín òkè méjì ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Èsì wọn níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà. Ọdún 1967 ni wọ́n ti borí kẹ́yìn nínú ìdíje ìparí sáà, nígbà tí wọ́n lu Ole Miss 14 sí 7. Síbẹ̀, Aaron Jones, ọmọ El Paso tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ ló ti wá. Ọ̀tá wọn àtijọ́ ni New Mexico State ní Las Cruces, tó súnmọ́ wọn bí ìrìn wákàtí kan; àtọdún 1914 ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á. Líìgì tuntun sì ń dúró dè wọ́n: lọ́dún 2024 ni wọ́n kéde pé Mountain West làwọn ń lọ, oṣù Keje ọdún 2026 ni wọ́n sì dá.

Àwọn àṣà wo ni wọ́n ṣì ń ṣe?

Lẹ́tà M ńlá kan wà lára òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Sun Bowl. Lọ́dọọdún, ní àkókò ọjọ́ Patrick Mímọ́ nínú oṣù Kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń gun òkè náà pẹ̀lú ẹfun pípò nínú garawa, wọ́n á tún M náà kùn títí á fi funfun báláú. Patrick ni wọ́n kà sí alábòójútó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ọjọ́ náà sì ni wọ́n ń gba àwọn tuntun wọlé. Àtìgbà tí ilé ìwé náà ṣì jẹ́ ti awakùsà ni àṣà yìí ti wà. Bí ẹ bá gbọ́ orin ẹgbẹ́ wọn tó ń dún bí orin àwọn darandaran Amẹ́ríkà, etí yín ò tàn yín: ohùn orin tí akọrin Marty Robbins kọ nípa ìlú El Paso ni wọ́n yá.

Ọmọ mi ń sáré dáadáa nílé ìwé. Báwo ló ṣe lè dé irú ibẹ̀?

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú ní pàtàkì. Èsì WAEC tàbí NECO wà lára ohun tí NCAA máa wò kí wọ́n tó gbà pé ọmọ lè díje, ó sì ní láti forúkọ sílẹ̀ ní NCAA Eligibility Center lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ó nílò àsìkò tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n níbi ìdíje tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ fi fóònù kà. Ọmọ náà tàbí kóòṣì rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí kóòṣì yunifásítì. Àdírẹ́sì ímeèlì wọn wà lójú òpó ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì tó bá fẹ́ ọmọ kì í gba owó lọ́wọ́ òbí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó bá yín rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, ẹ má dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kárí oúnjẹ àti ilé tàbí owó ilé ìwé nìkan, bóyá ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí ọmọ bá fara pa. Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.